Ibi Ìrántí Àwọn Tí Ogun Pa ní Èkó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Orílẹ̀-èdè tí ó ti jagun rí kì í ṣe ọmọdé mọ́. Bí kò bá wo ẹ̀yìn, ohun tí ó gbé e ṣubú lánàá lè tún gbé e ṣubú lọ́la. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ ibi ìrántí fún àwọn tí ogun pa.

Ẹni tí ó bá wọkọ̀ ní Sùúrùlérè lọ sí Erékùṣù Èkó yóò kọjá lẹ́bàá Pápá Ìṣeré ńlá ti Ìjọba Àpapọ̀ kí ó tó gun Afárá Èkó. Bí ó bá dé Oníkàn, yóò rí Gbàgede Tafawa Balewa, níbi tí ère ẹṣin funfun mẹ́rin àti ẹyẹ idì méje wà lẹ́nu ọ̀nà. Pápá eré ìje ẹṣin ni ibẹ̀ láyé àwọn Òyìnbó. Níbẹ̀ náà ni a ti sọ àsíá wọn kalẹ̀ nígbà tí a gba òmìnira ní 1960. Ní 1972, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon kọ́ gbàgede náà.

Ogun mẹ́ta ni ibi ìrántí tí ó wà níbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Èkíní ni ogun Jámánì, 1914 sí 1918, tí àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà jà ní Kamẹrúùnù àti ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Èkejì ni ogun Hítílà, 1939 sí 1945, tí ó gbé ọ̀pọ̀ wọn dé Bọ́mà. Ẹ̀kẹta ni ogun abẹ́lé, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù keje 1967, tí ó sì parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní 1970.

Láyé àtijọ́, bí jagunjagun bá kú sí ọ̀nà jíjìn, irun orí àti èékánná rẹ̀ ni a máa ń gbé wálé kí ẹbí lè rí ohun sin. Àwọn tí ó kú sí Bọ́mà kò ní irú àǹfààní yìí. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ní 1942 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Ìbọn àwọn ará Jàpáànù bà á ní 1944. Àwọn ará abúlé kan ni ó fi í pamọ́ sínú igbó fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Òun padà wálé, ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò padà. Òkúta ìrántí ni ó dúró fún irun àti èékánná wọn.

Ṣùgbọ́n àwòrán ológun kò gbọdọ̀ mú wa gbàgbé àwọn tí kò gbé ìbọn: àwọn alárùù tí ó ru ẹrù ogun lórí ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, àti àwọn ọmọdé tí ebi pa nígbà ogun abẹ́lé. Wọn kò yan ogun, ogun ni ó wá wọn wá.

Tẹ́lẹ̀ rí, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni Nàìjíríà ń ṣe ìrántí yìí pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó yá, a gbé e sí ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí. Lọ́jọ́ náà, a ń fi òdòdó sí ibi ìrántí, a sì ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ ní àmì àlàáfíà. Ìyípadà yìí ní ìtumọ̀: òpin ìjà àárín ọmọ ìyá ni a wá fi ṣe òpó ìrántí, ní ìbámu pẹ̀lú ìkéde Gowon pé kò sí aṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ní 1973, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ogun, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà péjọ sí pápá Sùúrùlérè fún eré ìdárayá. Orúkọ àdúgbò náà pàápàá ń kọ́ni pé sùúrù ní èrè.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lọ sí Oníkàn kò gbọdọ̀ ka ọdún ogun nìkan. Kí ó béèrè ohun tí ó fa ogun kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó jẹ ìyà rẹ̀ jù, àti ohun tí a ṣe kí àlàáfíà tó dé.