Pápá Ogun Ìmàgbọn

Ní ọjọ́ 19 oṣù May, ọdún 1892, ni ogun Gẹ̀ẹ́sì, tí Ọ̀gágun Scott ṣáájú, bá àwọn Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn, nítorí ọ̀nà òwò tí Ìjẹ̀bú sé. Kí ni akọni lè ṣe níwájú ìbọn Maxim tí ń tú ọta bí òjò? Ní ọjọ́ kejì, Ìjẹ̀bú-Òde bọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀sìn Kristi, tí Ìjẹ̀bú ti kọ̀ tẹ́lẹ̀, ráyè wọlé. Nítorí náà ọ̀ràn pápá yìí kan àwa onígbàgbọ́ gidigidi. A kò bèèrè ère fún Ọ̀gágun (orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé tó). Ọgbà ìrántí ni a ń fẹ́: kí a pa ààlà ilẹ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sí i, kí a sì gbẹ́ orúkọ àwọn Ìjẹ̀bú tí ó ṣubú níbẹ̀ sára òkúta. Lọ́wọ́ àwọn ìdílé ni kí a ti kọ́kọ́ bèèrè orúkọ wọ̀nyí.