Ìdìbò Abẹ́lé fún Ipò Ààrẹ ní Amẹ́ríkà: Ẹrù Ọ́fíìsì Ìbílẹ̀ Nígbà tí Ètò Bá Yí Padà

Ìfáàrà

Nígbà tí a bá ń kọ ìtàn ìdìbò, orúkọ àwọn tí ó díje ni a sábà máa ń rántí. A máa ń kọ ẹni tí ó wọlé àti ẹni tí ó fìdí rẹmi sílẹ̀. Àwọn tí ó ṣètò ìwé ìdìbò, tí wọ́n to orúkọ àwọn olùdìbò, tí wọ́n sì wá àga àti tábìlì sí ibùdó ìdìbò kì í sábà hàn nínú ìtàn. Àwọn wọ̀nyí ni àròkọ yìí dá lé lórí. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni a ó ti mú àpẹẹrẹ wa, nítorí pé ètò ìdìbò abẹ́lé fún ipò ààrẹ ti pẹ́ níbẹ̀, ó sì ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé àwọn aṣòfin àti olórí ẹgbẹ́ ni ó ń yí ètò padà, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ìbílẹ̀ ni ó ń ru ẹrù rẹ̀. Bí àkókò kò bá sì tó fún ọ́fíìsì náà, olùdìbò ni ìyà rẹ̀ ń jẹ.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìyàtọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ òṣèlú fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe ìdìbò abẹ́lé rẹ̀. Àjọ elétò ìdìbò a máa rán òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀ láti ṣọ́ bí ó ti ń lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ìjọba ni ó ń ṣe é, owó ìjọba àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Kò sí àjọ kan ṣoṣo tí ó ń darí ìdìbò jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe òfin tirẹ̀. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní káúńtì, tí iye wọn lé ní 3,000, tàbí àwọn ìlú ńlá àti kékeré, ni ó ń mú òfin náà ṣẹ. Ní Wisconsin nìkan, àwọn akọ̀wé ìlú tí iṣẹ́ yìí wà ní ìkáwọ́ wọn lé ní 1,800.

Bí Ètò Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ni ó ń yan olùdíje nínú ìpàdé àpapọ̀ wọn. Ní ọdún 1905, ìpínlẹ̀ Wisconsin ṣe òfin pé kí àwọn olùdìbò fi ìbò yan àwọn aṣojú tí yóò lọ sí ìpàdé náà. Ní ọdún 1910, Oregon fi kún un pé kí olùdìbò lè sọ ẹni tí ó fẹ́ kí ó díje fún ipò ààrẹ. Ṣùgbọ́n ètò náà kò tíì lágbára. Ní ọdún 1912, Theodore Roosevelt ni ó borí nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ìdìbò abẹ́lé Ẹgbẹ́ Republican; síbẹ̀, William Howard Taft, ẹni tí ó wà lórí àlééfà, ni ìpàdé àpapọ̀ fà kalẹ̀.

Ọdún 1968 ni nǹkan yí padà. Hubert Humphrey gba àsíá Ẹgbẹ́ Democrat láìdíje nínú ìdìbò abẹ́lé, rògbòdìyàn ńlá sì bẹ́ sílẹ̀ ní Chicago nígbà ìpàdé wọn. Ẹgbẹ́ náà gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, èyí tí George McGovern àti Donald Fraser darí tẹ̀ léra wọn. Nígbà tí ìlànà ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1972, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ rí i pé ìdìbò abẹ́lé ni ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti tẹ̀ lé e. Báyìí ni iṣẹ́ tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń ṣe nínú yàrá ṣe bọ́ sórí tábìlì akọ̀wé ìlú.

Ìjà Lórí Ọjọ́

Bí ìdìbò abẹ́lé ti ń lágbára sí i ni àwọn ìpínlẹ̀ ń dù ú láti ṣáájú ara wọn, nítorí pé ohùn ẹni tí ó kọ́kọ́ dìbò ni gbogbo ayé ń gbọ́. New Hampshire ti ń ṣáájú láti ọdún 1920. Ní ọdún 1975, ó fi òfin dáàbò bo ipò náà. Ní ọdún 1968, ọjọ́ 12 oṣù kẹta ni wọ́n dìbò níbẹ̀; ní ọdún 2008, ó ti di ọjọ́ 8 oṣù kìíní. Ní ọdún 2008 yìí kan náà, Michigan àti Florida ṣáájú ọjọ́ tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, ẹgbẹ́ méjèèjì sì fi ìyà jẹ wọ́n nípa dídín agbára aṣojú wọn kù. California fa tirẹ̀ síwájú sí oṣù kejì, ṣùgbọ́n ó fi ìdìbò abẹ́lé fún àwọn ipò yòókù sílẹ̀ ní oṣù kẹfà. Nítorí náà, ìgbà mẹ́ta ni àwọn ọ́fíìsì ìbílẹ̀ ibẹ̀ ṣètò ìdìbò fún gbogbo ìpínlẹ̀ láàárín ọdún kan.

Iṣẹ́ Inú Ọ́fíìsì

Ẹnu dùn-ún-ròfọ́. Aṣòfin lè fi gbólóhùn kan fa ọjọ́ ìdìbò síwájú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni akọ̀wé yóò ti máa ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Òfin ọdún 2009 sọ pé ìwé ìdìbò àwọn ọmọ ogun àti àwọn tí ó wà ní òkè òkun gbọ́dọ̀ jáde ní ọjọ́ 45 ṣáájú. Kí ó tó jáde, a gbọ́dọ̀ ti tẹ̀ ẹ́. Kí a tó tẹ̀ ẹ́, orúkọ àwọn olùdíje gbọ́dọ̀ ti dúró, kí ẹjọ́ tí ó wà lórí wọn sì ti parí. Ìwé ìdìbò kì í sì í ṣe oríṣi kan. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, àwọn ibòmíràn sì ń fẹ́ ẹ ní èdè púpọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ dán ẹ̀rọ ìkàbò wò ní gbangba, kí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọjọ́ ìdìbò, èyí tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ arúgbó, kí wọ́n sì gba ilé ìwé tàbí ilé ìjọsìn sílẹ̀ fún ìdìbò.

Àṣìṣe kékeré nínú iṣẹ́ yìí a máa di ńlá. Ní Los Angeles ní ọdún 2008, a fi àyè kékeré kan sórí ìwé ìdìbò tí olùdìbò tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan gbọ́dọ̀ kùn kí ó tó lè dìbò abẹ́lé Ẹgbẹ́ Democrat. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni kò kùn ún, ẹ̀rọ kò sì ka ìbò wọn fún ipò ààrẹ.

Ìgbà tí Àkókò Wà, Ìgbà tí Kò Sí

Àpẹẹrẹ méjì láti inú ọdún 2020 fi òdodo ọ̀rọ̀ wa hàn kedere. Ní Minnesota, ìpàdé àdúgbò tí ẹgbẹ́ ń pè ni wọ́n fi ń yan olùdíje tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2016, àwọn aṣòfin gbé iṣẹ́ náà fún ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n sì fi owó rẹ̀ sí ọrùn ìpínlẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni ọ́fíìsì ní láti fi múra fún ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2020. Ariwo tí àwọn ènìyàn pa dá lórí pé olùdìbò gbọ́dọ̀ sọ ìwé ẹgbẹ́ tí ó fẹ́, àti pé àwọn ẹgbẹ́ yóò mọ̀ ọ́n.

Oṣù kan péré lẹ́yìn èyí, àrùn Kòrónà ti gbòde. Ní Wisconsin, ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ni ìdìbò. Ní ọjọ́ 6, Gómìnà Tony Evers pàṣẹ pé kí a sún un síwájú. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìpínlẹ̀ náà fagi lé àṣẹ náà. Akọ̀wé tí ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà kò mọ̀ bóyá ìdìbò wà ní ọ̀la tàbí kò sí. Nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rù àrùn, ibùdó 5 péré ni ó ṣí ní Milwaukee, níbi tí 180 máa ń wà. Àwọn ènìyàn tò fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àwọn mìíràn ṣì ń retí ìwé ìdìbò tí wọ́n ti béèrè fún, tí kò dé. Ní Ohio, wákàtí díẹ̀ ni ó kù kí ibùdó ṣí ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta tí àṣẹ fi dé pé kí wọ́n tì wọ́n pa. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù.

Ní ọdún 2024, ìjà lórí ọjọ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ Democrat fi South Carolina ṣáájú. New Hampshire kọ̀, ó dìbò ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní. Ààrẹ Joe Biden kò fi orúkọ rẹ̀ sórí ìwé ìdìbò ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olùdìbò fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sí i, ó sì borí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú kéékèèké ni ó jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà tí wọ́n fi ojú ka orúkọ tí a fi ọwọ́ kọ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìkádìí

Láti 1905 títí di 2024, ìyípadà tí ó dé bá ìdìbò abẹ́lé ti sún agbára láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ wá sí ọ̀dọ̀ olùdìbò. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí òfin fún ènìyàn kò lè kọjá ohun tí ọ́fíìsì tí ó súnmọ́ ọn jù lọ lè ṣe fún un. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn ìdìbò ibikíbi, kí a má ṣe béèrè ẹni tí ó ṣe òfin nìkan. Kí a tún béèrè iye ọjọ́ àti iye owó tí a fún ẹni tí yóò mú un ṣẹ. Nínú ìdáhùn rẹ̀ ni a ó ti mọ̀ bóyá ìbò ará ìlú yóò wọ inú àpótí.