Àrà Inú Fọ́tò: Láti Yàrá Òkùnkùn Dé Ojú Kọ̀ǹpútà

Ní Ìlá Ọ̀ràngún, ní àwọn ọdún 1970, ìyá ìbejì lè mú ọmọ kan ṣoṣo lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán, kó sì gba fọ́tò ọmọ méjì bọ̀ wálé. Èyí tó ṣẹ́kù lára àwọn ìbejì ni wọ́n máa ń gbé jókòó síwájú kámẹ́rà. Ayàwòrán á tẹ nẹ́gátíìfù ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó lè dà bíi pé Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ jókòó ni. Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni wọ́n bí, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọ́n á yà á; wọ́n á tún pààrọ̀ rẹ̀ sí aṣọ obìnrin, wọ́n á tún un yà. Stephen Sprague, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tó wá wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ìlú náà, ló ṣàlàyé èyí nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní 1978 nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts. Ó ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lè dúró fún ọmọ tó lọ, gẹ́gẹ́ bí ère ìbejì ṣe ń dúró fún un, àti pé ayàwòrán máa ń sapá kí ìlà tó wà láàárín àwòrán méjèèjì má bàa hàn.

Kò sí kọ̀ǹpútà nínú iṣẹ́ yìí. Bébà, iná, ohun tí wọ́n á fi bo apá kan nígbà tí iná bá ń tàn sí apá kejì, àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe: gbogbo ohun tó ń béèrè nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá àrà sí fọ́tò lónìí, ìbáà jẹ́ lórí fóònù tàbí lórí kọ̀ǹpútà, á ṣe ara rẹ̀ lóore tó bá kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ọwọ́ yẹn, torí inú rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn bọ́tìnnì tó ń tẹ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Àìpé kámẹ́rà ló kọ́kọ́ bí ọgbọ́n náà. Láàárín 1850 sí 1860, oògùn tí wọ́n ń fi sára gíláàsì inú kámẹ́rà máa ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù ju àwọn yòókù lọ. Tí ayàwòrán bá dúró kí ilẹ̀ tàbí omi yọ dáadáa, ojú ọ̀run á ti funfun báláú, ìkùukùu kankan ò ní hàn níbẹ̀. Gustave Le Gray, ọmọ ilẹ̀ Faransé, dá ọgbọ́n sí i ní 1856 àti 1857 nígbà tó ń ya òkun. Ó ya omi lọ́tọ̀, ó ya ọ̀run lọ́tọ̀, ó wá so wọ́n pọ̀ níbi tí omi àti ọ̀run ti pàdé. Kódà, ó lo ọ̀run kan náà fún òkun tó ju ẹyọ kan lọ.

Ní 1857 yìí kan náà, Oscar Rejlander, ọmọ Sweden tó ń gbé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe èyí tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi nẹ́gátíìfù tó lé ní 30 ṣe àwòrán ńlá kan ṣoṣo, The Two Ways of Life, tó fi ọ̀nà oníwà rere àti ọ̀nà onífàájì hàn nínú gbọ̀ngàn kan. Ó ya àwọn èèyàn inú rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ wọ́n sórí bébà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bo ibi tí kò tíì kàn. Wọ́n gbé e hàn níbi ìpàtẹ ọnà ńlá kan ní Manchester, Ọbabìnrin Victoria sì ra ẹ̀dà kan. Lọ́dún kejì, Henry Peach Robinson fi nẹ́gátíìfù márùn-ún ṣe Fading Away, àwòrán ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kú lọ láàárín àwọn ẹbí rẹ̀. Àwọn kan bínú pé ọ̀rọ̀ náà ti bani nínú jẹ́ jù láti yà. Ìgbà tí wọ́n wá gbọ́ pé ńṣe ló so ó pọ̀, inú bí wọn sí i. Àríyànjiyàn táwọn èèyàn ń ṣe lónìí lórí fọ́tò tí wọ́n tún ṣe ti wà láti ìgbà náà.

Ó yẹ kéèyàn wo yàrá òkùnkùn fínnífínní. Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé wọ́n ń fọ fọ́tò, òótọ́ ni, torí inú omi oògùn ni àwòrán ti ń yọ. Ṣùgbọ́n kí bébà tó dé inú omi, iná ti gba inú nẹ́gátíìfù kọjá sórí rẹ̀, ibi tí iná bá sì pọ̀ sí ni yóò dúdú jù. Ká ní ojú ìyàwó ń ṣókùnkùn jù nínú fọ́tò ìgbéyàwó. Ayàwòrán á gé páálí róbótó kékeré, á fi í sórí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, á nà án sáàárín iná àti bébà kó lè ṣíji bo ojú náà fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Kò gbọ́dọ̀ dá ọwọ́ dúró. Ó ní láti máa mì ín díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òrùka funfun á yí orí ìyàwó ká. Tó bá jẹ́ pé aṣọ funfun rẹ̀ ló ń tàn jù, tí iṣẹ́ ara léèsì ò hàn, ayàwòrán á ká àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ bu omi, á wá fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí iná lè gba ibẹ̀ bọ́ sórí aṣọ nìkan.

Àwọn mìíràn ń fi pẹ́ńsùlù tó mú ṣóńṣó pa ìhunjọ ojú rẹ́ lórí nẹ́gátíìfù. Àwọn mìíràn ń fi ọwọ́ kun fọ́tò dúdú-àti-funfun, kí aṣọ lè ní àwọ̀, kí ìlẹ̀kẹ̀ sì pọ́n. Solomon Osagie Alonge, ayàwòrán ààfin Ọba ní Benin, tó ṣí ilé ìyàwòrán Ideal Photo Studio ní 1942, wà lára àwọn tó fi ọwọ́ kun fọ́tò báyìí.

Ọgbọ́n kan náà lè ṣe ibi. Ní Boston, láti nǹkan bí 1861, William Mumler ń ya fọ́tò tí òjìji òkú ń hàn lẹ́yìn àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní New York ní 1869 lórí ẹ̀sùn jìbìtì, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà ò dè é. Ti Soviet burú ju ìyẹn lọ. Nikolai Yezhov, olórí ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Stalin nínú fọ́tò kan tí wọ́n yà létí odò tí wọ́n gbẹ́ láti Moscow dé Volga. Wọ́n pa á ní 1940. Nínú ẹ̀dà tó jáde lẹ́yìn náà, omi odò nìkan ló wà níbi tó dúró sí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lórí fọ́tò bẹ̀rẹ̀ láti ara ọmọ ìkókó. Ní 1957, Russell Kirsch, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, mú fọ́tò ọmọ rẹ̀ Walden, ọmọ oṣù mẹ́ta, wá síbi iṣẹ́. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti ṣe ẹ̀rọ kan tó lè ka àwòrán sínú kọ̀ǹpútà SEAC. Fọ́tò náà ò ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ní ìbú àti òró. Ẹ̀rọ náà pín in sí àmì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì lónìí, 176 ní ìbú, 176 ní òró, àpapọ̀ wọn jẹ́ 30,976. Lọ́jọ́ yẹn, fọ́tò di nọ́ńbà. Ohun tó bá sì ti di nọ́ńbà, èèyàn lè rò ó, lè yọ ọ́, lè sọ ọ́ di púpọ̀.

Ní 1975, Steven Sasson ní ilé iṣẹ́ Kodak ṣe kámẹ́rà àkọ́kọ́ tó ṣeé gbé kiri tó ń sọ àwòrán di nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 23 ló fi ń gba àwòrán kan sórí kásẹ́ẹ̀tì.

Ilé kan ní Ann Arbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ni ìtàn tó kù ti yí padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Glenn Knoll ní yàrá òkùnkùn ní abẹ́ ilé rẹ̀, ibẹ̀ làwọn ọmọ rẹ̀, Thomas àti John, ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ fọ́tò. Ní 1987, Thomas ń ṣiṣẹ́ oyè dókítà ní Yunifásítì Michigan. Kọ̀ǹpútà Macintosh Plus tó ń lò ò lè fi àwọ̀ eérú hàn, dúdú àti funfun nìkan ló mọ̀. Ó kọ ètò kékeré kan tí yóò jẹ́ kó lè fi í hàn, ó pè é ní Display. John ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Industrial Light & Magic, níbi tí wọ́n ti ń dá àrà sí fíìmù sinimá. Ó rí i pé ohun tí àbúrò àti ẹ̀gbọ́n lè jọ fi ṣe nǹkan ńlá nìyí, ó sì ń rọ Thomas pé kó máa fi kún un. Fọ́tò tí John fi ń polówó ètò náà fún àwọn èèyàn ni ti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Jennifer, tó jókòó sí etíkun Bora Bora, tó kọjú sí òkun. Wọ́n á sọ ọ́ di méjì, wọ́n á sọ erékùṣù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán di méjì, ẹnu á sì ya àwọn tó ń wò. Ilé iṣẹ́ Adobe gba ètò náà, Photoshop àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù kejì ọdún 1990, fún Macintosh nìkan.

Ẹni tó bá wo àwọn irinṣẹ́ inú Photoshop dáadáa á rí abẹ́ ilé Ọ̀jọ̀gbọ́n Knoll níbẹ̀. Irinṣẹ́ tó ń mú kí ibi kan mọ́lẹ̀ ni Dodge, àmì rẹ̀ sì ni páálí róbótó lórí igi. Èyí tó ń mú kí ibi kan ṣókùnkùn ni Burn, ọwọ́ tó ká kò ni àmì tirẹ̀. Unsharp Mask, tó ń mú kí àwòrán mú ṣáṣá, ń rú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lójú, torí orúkọ rẹ̀ dà bí òdìkejì iṣẹ́ tó ń ṣe. Ní yàrá òkùnkùn, ẹ̀dà nẹ́gátíìfù tí kò mú ṣáṣá ni wọ́n máa ń gbé lé ojúlówó, kí etí àwòrán lè yàtọ̀ síra ketekete. Ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní máa ti bọ́tìnnì náà síwá sẹ́yìn láìmọ ohun tó ń wá.

Ohun tí yàrá òkùnkùn kò ní ni ìpele, tó dé sínú Photoshop 3.0 ní 1994. Ṣáájú ìgbà náà, tí wọ́n bá ti lẹ orí ẹnì kan mọ́ ara ẹlòmíràn, ó ti lẹ̀ nìyẹn. Ìpele dà bí ọ̀rá tó mọ́ gaara tí wọ́n tò léra: a lè ṣí ọ̀kan kúrò, a lè sún un, a lè pa apá kan rẹ̀ rẹ́ kí èyí tó wà nísàlẹ̀ yọjú. Àṣìṣe kò dẹ́rù bani mọ́.

Ibi tí kíkọ́ ti ń dùn gan-an ni bí ìpele kan ṣe ń bá èkejì rẹ̀ lò pọ̀. Nínú fọ́tò tó wọ́pọ̀, 0 ni dúdú, 255 ni funfun. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Multiply máa ń sọ nọ́ńbà òkè di púpọ̀ pẹ̀lú tìsàlẹ̀, á wá fi 255 pín in. Níbi tí òkè bá ti funfun, kò sí ohun tó yí padà. Níbi tó bá ti dúdú, dúdú ló máa jáde. Àwọ̀ eérú méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 128 á di nǹkan bí 64, ìyẹn ni pé wọ́n á ṣókùnkùn sí i, bí ìgbà téèyàn to fíìmù méjì léra tó sì gbé wọn síwájú iná. Screen ni òdìkejì rẹ̀, ó dà bí ìgbà tí ẹ̀rọ méjì bá ń tan àwòrán sára ògiri kan náà. Àrà ìgbàlódé tó ń gbé igbó tàbí ìlú sínú òjìji orí èèyàn, Screen ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Ayàwòrán Jerry Uelsmann ti ń fi ẹ̀rọ ìfẹ-fọ́tò mélòó kan ṣe irú rẹ̀ ní Florida láti àwọn ọdún 1960, ó ń gbé bébà láti ìdí ẹ̀rọ kan sí òmíràn.

Agbára yìí kó àwọn oníwèé ìròyìn sí wàhálà. Ní oṣù kejì ọdún 1982, kí Photoshop tó dé, National Geographic fi kọ̀ǹpútà sún pírámíìdì Giza méjì mọ́ra kí wọ́n lè wọ ẹ̀yìn ìwé tó dúró lóòró. Ní oṣù kẹfà ọdún 1994, Time àti Newsweek lo fọ́tò ọlọ́pàá kan náà ti O. J. Simpson, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn, ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ti Time ṣókùnkùn ju ti Newsweek lọ, awọ ọkùnrin náà dúdú sí i. Ẹni tó bá to ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò nílò àlàyé kankan. Kò sí ẹni tí wọ́n yọ, kò sí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ kàn jù, ìyẹn sì tó láti ṣe aburú.

Owó ò dí ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́nà mọ́. Spencer Kimball àti Peter Mattis, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì California ní Berkeley, bẹ̀rẹ̀ GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ní 1995, ọ̀fẹ́ ni títí dòní. Ètò Snapseed dé ní 2011, ó sì gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà sórí fóònù. Ní Ṣómólú ní Èkó, níbi tí ilé ìtẹ̀wé ti kún fọ́fọ́, ọ̀dọ́ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà á gba fọ́tò kékeré kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣá, èyí tí ẹbí yọ lára ìwé ìrìnnà bàbá wọn, wọ́n á sì fẹ́ kó di pósítà ìsìnkú. Yóò gé orí kúrò lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, yóò wá agbádá tó bá ọrùn mu, yóò sì rí i pé ibi tí iná ti ń bọ̀ sí ojú bá ibi tó ti ń bọ̀ sí aṣọ mu. Ibi iná yìí gan-an la fi ń mọ ẹni tó mọ iṣẹ́. Tí iná bá ti ọ̀tún bọ̀ sí ojú, tó ti òsì bọ̀ sí aṣọ, gbogbo ẹni tó bá wò ó á mọ̀ pé nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó, bí wọn ò tilẹ̀ lè sọ ohun tó jẹ́.

Búrọ́ọ̀ṣì tó ń wo ojú ọgbẹ́ sàn lára fọ́tò, Healing Brush, dé sínú Photoshop ní 2002. Ní 2010, Photoshop bẹ̀rẹ̀ sí fúnra rẹ̀ wá ohun tó máa dí ibi tí wọ́n bá pa rẹ́. Ní 2023, ó lè fi ohun tí kámẹ́rà kankan kò rí rí sínú fọ́tò, kìkì téèyàn bá ti kọ ohun tó fẹ́ sílẹ̀.

Tí ẹnì kan bá wá gbé fọ́tò ìbejì àtijọ́ láti Ìlá sórí skánà lónìí, tó sì fẹ̀ ẹ́ títí píksẹ́lì á fi hàn, ìka tó tẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ Táíwò á wà lọ́wọ́ Kẹ́hìndé náà, bákan náà ni aṣọ á ṣe ká kò ní èjìká méjèèjì. Láàárín wọn, ó ṣeé ṣe kó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣókùnkùn díẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ, níbi tí iná àkọ́kọ́ àti iná kejì ti gorí ara wọn. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn lè pa á rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìlà náà ni ibi tí ọwọ́ ayàwòrán wà.