Ta Ni Ó Ni Òfin Ìgbéyàwó?

Ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà di tọkọtaya níwájú òfin. A lè ṣe ìdána nílé ìyàwó, kí àwọn ẹbí gba obì àti orógbó, kí ó parí síbẹ̀. A lè so yìgì níwájú àwọn àlùfáà. A sì lè lọ sí kóòtù, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, kí a fi òrùka sí ara wa lọ́wọ́. Ẹlòmíràn a ṣe méjì pọ̀, ọ̀rọ̀ a sì dàrú mọ́ agbẹjọ́rò lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ogún. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi rò ni pé, nínú gbogbo rẹ̀, níbo ni ẹ̀sìn parí sí, níbo sì ni òfin ti bẹ̀rẹ̀?

Kí a má purọ́ fún ara wa nípa ayé àtijọ́. Aláàfin ni aláṣẹ, èkejì òrìṣà. Ẹnu tí ó fi ń pa àṣẹ ìlú náà ni ó fi ń sọ ti òrìṣà. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan aya olóyè mọ ohun tí ń dúró dè é. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ ní 1895. Wọ́n fi ẹ̀sùn àgbèrè pẹ̀lú aya baálẹ̀ kan kan ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bàkàrè, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Captain Bower, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn, gbọ́, ó ní Aláàfin Adéyẹmí Kìíní gbọ́dọ̀ jẹ́jọ́. Nígbà tí ẹnu kò kò, ó yin ìbọn àgbá lu Ọ̀yọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Ẹni tí ó bá ń sọ pé òfin ìbílẹ̀ wa tutù bí omi àmù kò ka ìtàn.

Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kò fi ẹ̀sìn sílẹ̀ nílé nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Nínú ẹjọ́ Hyde ní Lọ́ńdọ̀n, ní 1866, adájọ́ Lord Penzance ní ìgbéyàwó tí kóòtù òun mọ̀ ni èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè onígbàgbọ́ mọ̀: ọkùnrin kan, obìnrin kan, títí ọjọ́ ikú. Ìgbàgbọ́ ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n òfin. Ní 1884 wọ́n ṣe òfin ìgbéyàwó fún Èkó, ó sì ti ibẹ̀ tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá fi òrùka gbéyàwó, tí ó tún lọ ṣe ìdána fún obìnrin mìíràn, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ni òfin kọ sílẹ̀ fún un. Ohun tí wọ́n fi ń ki bàbá rẹ̀ ni òun yóò fi wẹ̀wọ̀n! Ó wà nínú ìwé di òní. Ẹ ka iye bàbá olórùka tí ó ní aya kejì ní àdúgbò yín, kí ẹ wá ka iye èyí tí ó tì í wẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀.

Àwọn ìjọ náà kò gbẹ́yìn. Ní 1888 àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà pàdé ní Lambeth, wọ́n ní kí a má ṣe ìtẹ̀bọmi fún ọkùnrin tí aya rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. 1988 ni wọ́n tó dẹ okùn náà. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn kan nílùú Èkó jáde lọ dá United Native African Church sílẹ̀ ní 1891. Ìjà inú ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn: ẹni tí kò gbà a jáde, a lọ kọ́ tirẹ̀. A kì í jáde kúrò nínú òfin bẹ́ẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù. Ìlú Onítẹ̀bọmi ni. Thomas Jefferson Bowen mú ìjọ náà débẹ̀ ní 1855 (àwa tí a ń kọ́ èdè mọ̀ ọ́n jù nípa ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó tẹ̀ jáde ní 1858), ilé-ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ wọn sì ti wà láti 1898. Taa sì ni àwọn Onítẹ̀bọmi? Àwọn tí òfin ẹlẹ́sìn ti jẹ níyà ni. Thomas Helwys kọ̀wé ní 1612 pé ọba kò láṣẹ lórí ọkàn ènìyàn níwájú Ọlọ́run. Ẹ̀wọ̀n Newgate ni wọ́n fi san án fún un. Láti 1753, Onítẹ̀bọmi tí ó bá fẹ́ gbéyàwó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti wọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. 1836 ni òfin tó tú wọn sílẹ̀. Ní Virginia, ní Amẹ́ríkà, òfin kò ka ìgbéyàwó tí pásítọ̀ wọn so sí títí di 1780. Àwọn baba ńlá ìjọ tí ó dé Ògbómọ̀ṣọ́ mọ bí ó ti rí kí ènìyàn fẹ́ ẹnì kan tọkàntọkàn, kí òfin sì wí pé kò sí ohun tí ó jọ ọ́, nítorí pé ẹ̀sìn ẹlòmíràn kò gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ibi tí à ń lọ. Ní January 7, 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan bu ọwọ́ lu òfin tí ó de ìgbéyàwó ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin, tàbí obìnrin pẹ̀lú obìnrin. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún àwọn tí ó bá ṣe é, ọdún 10 fún ẹni tí ó bá ṣe ẹlẹ́rìí wọn. N kò sọ pé àwọn bàbá wa ń ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ìyàwó ilé a máa pe ọmọbìnrin ilé ọkọ rẹ̀ ní ọkọ, òótọ́ sì ni pé ẹlẹ́gùn Ṣàngó ní Ọ̀yọ́, ọkùnrin gidi, a máa di irun bí obìnrin, wọn a sì máa pè é ní ìyàwó òrìṣà. Ohun tí ìyẹn fi hàn ni pé ọkọ àti aya nínú èdè wa gbòòrò ju ti Lord Penzance lọ. Kò fi ju bẹ́ẹ̀ hàn.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nínú òfin náà ni ìpín kejì rẹ̀: a kò gbọdọ̀ so irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, tàbí ní ilé ìjọsìn mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ìpín kẹwàá nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ gba ẹ̀sìn kankan ní ẹ̀sìn ìjọba. Púpọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́, àti ọ̀gá wa pàápàá, fara mọ́ òfin yìí nítorí ohun tí Bíbélì tàbí Kùránì wí. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti gbà á gbọ́, ìjọ wọn sì ní ẹ̀tọ́ láti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1891 ẹni tí kò gbà lè jáde lọ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Lónìí, bí ó bá kọ́ ọ, ẹ̀wọ̀n ni.

Ní Gúúsù Áfíríkà, kóòtù tí ó ga jù dájọ́ ní 2005 pé kí a ṣí ìgbéyàwó sílẹ̀ fún wọn, òfin rẹ̀ sì jáde ní 2006. Wọn kò fi ipá mú àlùfáà kankan. Òfin náà fún òṣìṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú láyè láti kọ̀ bí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á. Ní 2020 wọ́n gba àyè yẹn lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n fi ti àlùfáà sílẹ̀ bí ó ti wà.