Kọfí Àwọn Ará Òkè Kilimanjaro

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fẹ́ ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí láti inú ìtàn, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà, sí ilẹ̀ Tanganyika, èyí tí ó di apá kan Tànsáníà ní ọdún 1964. Níbẹ̀ ni òkè Kilimanjaro wà, tí ó ga ní 5,895 mítà, tí kò sì sí òkè tí ó ga tó o ní gbogbo Áfíríkà. Ẹ̀gbẹ́ òkè yìí ni àwọn Chagga ń gbé.

Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ kékeré tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kihamba, tí baba ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ilé wà láàárín rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì yí i ká. Ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n ń sìn nínú ilé ni ajílẹ̀ wọn. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń la ojú omi láti inú odò òkè wá sí oko. Nígbà tí kọfí dé, abẹ́ òjìji ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ̀nyí ni wọ́n gbìn ín sí, kí owó má baà lé oúnjẹ kúrò nílé.

Kọfí kò gba ìkánjú. Ó tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó so dáradára. Èso rẹ̀ kì í pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà tọkọtaya àti ọmọ a máa padà sí ìdí igi kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, èyí tí ó pupa nìkan ni wọn a sì já. Ní ọjọ́ náà gan-an ni wọn a fi ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí bó èèpo rẹ̀, nítorí bí ó bá pẹ́ jù, adùn rẹ̀ a bàjẹ́. Wọn a fi hóró náà sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí oje tí ó ń yọ̀ lára rẹ̀ lè yòrò, wọn a fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́, wọn a sì sá a sórí pẹpẹ gíga bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, wọn a máa yí i padà, wọn a sì bò ó nígbà tí òjò bá ṣú.

Àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà ní Kilema ni ó gbin kọfí sí òkè yìí ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ará Jámánì ń jọba níbẹ̀. Lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, nígbà tí ìjọba bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ajẹ́lẹ̀ kan, Charles Dundas, gba àwọn Chagga níyànjú láti gbìn ín sí i. Inú àwọn òyìnbó olóko ńlá kò dùn. Wọ́n ní àrùn yóò ti oko kékeré ràn dé oko àwọn. Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rù pẹ̀lú pé ẹni tí ó bá ní kọfí tirẹ̀ kò ní wá ṣe alágbàṣe fún àwọn mọ́. Ní Kẹ́ńyà, irú wọn borí: títí di àárín ọdún 1930 sí 1940 ni a fi dí àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́nà àtigbin irú kọfí yìí.

Àwọn Chagga kò dúró kí irú èyí dé bá wọn. Ní ọdún 1925 wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn agbinkọfí sílẹ̀, Joseph Merinyo sì ni olórí wọn. Ẹgbẹ́ náà ń bá wọn gbógun ti kòkòrò, ó ń bá wọn ta kọfí, ó sì ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Ní ọdún 1933 ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ńlá tí a ń pè ní KNCU rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sílẹ̀. Nígbà tí a fi òfin mú gbogbo àgbẹ̀ láti ta kọfí wọn fún ẹgbẹ́ yìí nìkan, tí owó kọfí sì wálẹ̀, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1937. Ní ọdún 1976 ìjọba Tànsáníà tú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká. Òfin ọdún 1982 ni ó tún fi àyè gbà wọ́n.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò fara sin. Ìṣọ̀kan ni ó pa oko kékeré mọ́ fún olóko. Ṣùgbọ́n ìṣọ̀kan tí a fi ipá mú ni ṣe, tí a kò sì gbọ́ ohùn olóko nínú rẹ̀, kì í pẹ́ di ẹrù lórí ẹni tí a dá a sílẹ̀ fún.