Ìṣírò Ìrìn Gáàsì Nínú Igi Tó Ń Di Èédú

Ihò wẹ́wẹ́ kún inú igi. Bí ooru bá ti wọ̀ ọ́ lára, omi inú rẹ̀ á kọ́kọ́ di oru. Lẹ́yìn náà ni igi fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú: carbon monoxide, methane àti oru ọ̀dà á gba inú àwọn ihò náà wá ọ̀nà àbáyọ, èédú á sì ṣẹ́kù. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣírò ìrìn àwọn gáàsì yìí.

Àwọn òfin rẹ̀ ti pẹ́. Ní 1855, Adolf Fick ará Jámánì ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń tàn láti ibi tó ti pọ̀ lọ síbi tó ti kéré. Ní 1856, Henry Darcy ará Faransé gbé àbọ̀ ìdánwò rẹ̀ jáde lórí omi tó ń gba inú iyanrìn kọjá ní Dijon: ìfúnpá ló ń tì í. Bí igi sì ṣe ń di èédú, ihò rẹ̀ ń gbòòrò, gáàsì á wá máa rìn fàlàlà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pín igi sí yàrá kéékèèké nínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á máa tún yàrá kọ̀ọ̀kan ṣírò léraléra.

Ẹni tó bá ti tẹjú mọ́ ìtì igi nínú iná á ti rí i pé ojú ibi tí wọ́n ti gé e ni èéfín àti ọ̀dà ti ń hó jáde. Ó rọ gáàsì lọ́rùn láti tọ gígùn igi ju kó dábùú rẹ̀ lọ, nígbà mìíràn ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìṣírò tó bá fún ìhà méjèèjì ní iye kan náà ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn mìíràn gbà pé gáàsì ń jáde lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn lè tó fún eruku pákó. Fún ìtì tó ki, kò tó rárá. Oru ọ̀dà tó ń kọjá lára èédú gbígbóná a máa tú lẹ́ẹ̀kejì, á sì fi èédú díẹ̀ sí i sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Irú ìṣírò yìí náà ni wọ́n ń ṣe fún PICA, ohun oníhò wẹ́wẹ́ tó dáàbò bo àpótí ọkọ̀ òfuurufú Stardust ti NASA lọ́wọ́ ooru nígbà tí àpótí náà padà wọ ayé ní Oṣù Kìíní 2006, lórí ìsáré bíi kìlómítà 12.9 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ohun tí wọ́n fi ń dán ìṣírò ti igi wò ni wáyà tó ń wọn ooru, tí wọ́n ń kì bọ àárín ìtì. Wáyà yìí ń fi hàn pé bí igi bá ń di èédú tán lọ, àárín a máa gbóná ju ara ìta lọ fún ìgbà díẹ̀, torí pé títú inú ibẹ̀ náà ń pèsè ooru tirẹ̀.