Orin àti ẹran ọ̀sìn: ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ní Kpingni àti ní gbogbo agbègbè òkè Ìdàáṣà, ọ̀pọ̀ ilé ló ní ewúrẹ́, adìẹ, ajá tàbí ológbò. Bí a bá ń lùlù, bí rédíò bá ń kọrin, àwọn náà ń gbọ́. Kí ni orin ń ṣe lára wọn? Ṣé ó lè wo ẹran tó ń ṣàìsàn? Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn darandaran ti mọ̀ ọ́n tipẹ́

Àwọn Fúlàní tó máa ń da màlúù gba ọ̀dọ̀ wa lẹ́ẹ̀rùn ń fi ohùn àti fèrè darí agbo wọn. Ní ilẹ̀ Mongolia tó jìnnà, bí abo ràkúnmí bá kọ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, wọ́n á máa kọrin fún un, wọ́n á máa ta gòjé, títí yóò fi gbà kí ọmọ náà mu ọmú. Ní 2015, UNESCO kọ àṣà yìí mọ́ àwọn tó yẹ ká tètè dáàbò bò kó má bàa parun.

Ohun tí àwọn olùwádìí rí

*Màlúù.* Ní 2001, àwọn olùwádìí Yunifásítì Leicester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi orin sétí àwọn màlúù oníwàrà. Orin tó ń lọ jẹ́jẹ́ mú kí wàrà fi ìdá 3 nínú 100 pọ̀ sí i, ìyẹn bíi lítà 0,73 lórí màlúù kan lójúmọ́. Orin tó ń sáré kò fi nǹkan kan kún un. Màlúù tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, wàrà rẹ̀ kì í sọ̀ dáadáa.

*Ajá.* Ní 2002, Deborah Wells àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Belfast rí i pé orin jẹ́jẹ́ ti àwọn òyìnbó àtijọ́ ń mú kí ajá sinmi, kó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n orin onígìtá líle ń mú kó gbó. Ìwádìí mìíràn ní Scotland, ní 2017, fi hàn pé régè náà ń fi ajá lọ́kàn balẹ̀. Orin kan ṣoṣo tètè ń sú wọn. Ó yẹ ká máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ariwo

Etí ènìyàn ń gbọ́ ohùn dé 20 000 hertz; ti ajá ń dé bíi 45 000, ti ológbò bíi 64 000. Sono tó ń dùn mọ́ wa níbi ìsìnkú lè kó ìpayà bá wọn. Kí wọ́n tó tan sono, ẹ kó ẹran lọ sí ibi tó jìnnà sí i. Ajá tó bá fẹ́ sá, ẹ má ṣe so ó mọ́lẹ̀ nítòsí ibẹ̀.

Orin kì í ṣe oògùn

Orin ń fi ọkàn balẹ̀, kò ń pa àrùn. Kò lè dá Newcastle dúró lára adìẹ, tàbí PPR lára ewúrẹ́, tàbí dìgbòlugi lára ajá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dáàbò bò wọ́n. Bí ewúrẹ́ bá ń wúkọ́, tí ojú àti imú rẹ̀ ń ṣomi, tó sì ń ṣu omi, ẹ yà á sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì pe dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tó bá ń gún un lábẹ́rẹ́, ẹ lè máa fi ohùn ìsàlẹ̀ kọrin sí i létí. Ibẹ̀ gan-an ni orin ti wúlò.